Ìlú Tí Wọ́n Fi Orúkọ Olùgbàlà Pè

Ìlú ńlá kan wà létí òkun ilẹ̀ Brazil tó ń jẹ́ Salvador. Lédè Pọtogí, Olùgbàlà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún tún gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: São Salvador da Bahia de Todos os Santos, ìyẹn Olùgbàlà Mímọ́ ti Ọ̀sà Gbogbo Àwọn Ènìyàn Mímọ́. Ọdún 1549 ni Tomé de Sousa, gómìnà àgbà àkọ́kọ́ tí ọba Pọtogí rán wá, tẹ ìlú náà dó. Ibẹ̀ ni olú-ìlú Brazil wà títí di ọdún 1763 tí wọ́n gbé ìjọba lọ sí Rio de Janeiro. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní ọdún 2022, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 2,400,000, nínú èèyàn mẹ́wàá tí ẹ bá sì pàdé ní ìgboro, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára bíi mẹ́jọ.

Mo fẹ́ ká jọ rìn díẹ̀ ní ìlú náà. Àwọn tó ń rìnrìn-àjò afẹ́ ń lọ síbẹ̀ nítorí òkun rẹ̀, nítorí ìlù àti ijó rẹ̀ nígbà Carnival, nítorí àwọn ilé àtijọ́ rẹ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá dé Salvador tí kò béèrè ẹni tó to òkúta àwọn ilé wọ̀nyẹn léra, àwòrán lásán ló lọ wò. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run, a kọ́ ìtàn Ìjọ láti Jerúsálẹ́mù dé Róòmù, dé Jámánì, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó tó wá dé Badagry àti Abẹ́òkúta. A ò yà sí Bahia rárá. Ó yẹ ká yà síbẹ̀.

Orí òkè ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí nítorí ogun. Èbúté wà nísàlẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé gómìnà wà lókè, gèrègèrè ńlá sì wà láàárín méjèèjì. Lónìí, lífìtì kan tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda ló ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọdún 1873 ni wọ́n ṣí i, gíga rẹ̀ tó mítà 72, ìṣẹ́jú kan kò sì ní pé tí ẹ ó ti dókè. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ ó rí gbogbo ọ̀sà náà lọ salalu. Ibẹ̀ rẹwà, kò sírọ́ níbẹ̀. Àmọ́ kí lífìtì tó dé, orí àti èjìká ènìyàn ni ọ̀pọ̀ ẹrù ń gbà gun gèrègèrè yẹn: àgbá ọtí, àpótí ọjà, òkúta ìkọ́lé, títí kan àwọn ọ̀gá fúnra wọn, tí wọ́n á jókòó sínú àga tí ẹrú méjì gbé léjìká.

Báwo làwọn èèyàn wa ṣe débẹ̀? Tábà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní agbègbè Bahia, wọ́n ń gbin ìrèké fún ṣúgà, wọ́n sì ń gbin tábà. Tábà tó dáa ń lọ sí Portugal. Èyí tí kò dáa tó, wọ́n á fi omi ìrèké tó ki bí oyin pa á lára, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á ká a, wọ́n á wá kó o wá sí etíkun tiwa níhìn-ín, ní Wídà, Àjàṣẹ́, Badagry àti Èkó. Àwọn oníṣòwò ẹrú fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ohun tí wọn ò rí tà ní Portugal ni wọ́n fi ra ọmọ ènìyàn. Kò rọrùn fún mi láti kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn, kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ló jókòó nídìí ọjà náà.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, tí Afọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin ní Ìlọrin, tí ogun Òwu jà, tí kò sí apá ibi tí ogun kò dé mọ́ nílẹ̀ Yorùbá, àwọn tí wọ́n kó lójú ogun kún ojà. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí Bahia kí òwò náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1850. Ní àádọ́ta ọdún tó gbẹ̀yìn, àwọn tiwa ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté náà. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n, láti ara Ànàgó.

Nǹkan kan wà tó máa ń mú mi dákẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan ní Òṣogùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ó wà nínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí kan tó ń jẹ́ Esperança Felix. Bahia ni ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń forí lé tí wọ́n bá ti kúrò ní Èkó nígbà náà. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon ló lé e bá, ló kó wọn lọ sí Sierra Leone. Àjàyí lorúkọ ọmọ náà. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù: Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tí à ń kà nínú ìsìn wa. Bí Myrmidon bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí Àjàyí gun gèrègèrè Salvador pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn ọmọ mìíràn tó gbọ́n bíi tirẹ̀ gùn ún. Kò sí ọkọ̀ kankan tó lé tiwọn bá.

Àdúgbò tí gbogbo àlejò máa ń lọ ni Pelourinho. Ilé rẹ̀ kún fún oríṣiríṣi ọ̀dà, ojú ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ òkúta, Àjọ UNESCO sì fi í sára àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 1985. Àwọn ọ̀dọ́ wa á ti rí i láìmọ̀: níbẹ̀ ni Michael Jackson ti ya fídíò ní ọdún 1996 pẹ̀lú àwọn onílù Olodum. Ẹ wá gbọ́ ìtumọ̀ orúkọ náà: òpó tí wọ́n ń so ènìyàn mọ́ láti nà án ni. Ìta gbangba ni òpó náà wà, kí àwọn ẹrú yòókù lè máa rí i. Òpó ti lọ, orúkọ ló kù. Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba tún àdúgbò náà ṣe kí àlejò lè máa wá, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ tálákà tó ń gbé inú àwọn ilé náà jáde, àwọn ọmọ ọmọ ẹrú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fọ́tò àwọn ilé aláràbarà yẹn, ẹ má kàn sọ pé ó dára.

Ṣọ́ọ̀ṣì méjì wà ní àyíká ibẹ̀ tí ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ péré wà láàárín wọn. Èmi rò pé gbogbo ìtàn Ìjọ àti àwọn èèyàn wa ní ìlú yẹn ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Èkíní ni São Francisco. Ọdún 1708 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Tí ẹ bá wọlé, ojú yín á kọ́kọ́ fọ́: igi gbígbẹ́ ni gbogbo ara ògiri àti òpó, wọ́n sì fi wúrà bò ó láti ilẹ̀ dé òkè àjà, áńgẹ́lì lọ́tùn-ún, áńgẹ́lì lósì. Owó ìrèké àti owó ẹrú ló di wúrà yẹn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjà ibẹ̀ já lulẹ̀ lé àwọn àlejò lórí, ó pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ó ṣe àwọn mìíràn léṣe. Àwọn kan á fẹ́ fi ìyẹn wàásù. Èmi ò ní fi í wàásù. Ẹni tó kú kò kó ẹrú.

Èkejì ni Nossa Senhora do Rosário dos Pretos, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó ní àwọ̀ búlúù, kò tó ti ìṣáájú lọ́ṣọ̀ọ́. Ọdún 1685 ni àwọn ẹrú àti àwọn tó ti rí òmìnira gbà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, nítorí pé wọn kò lè bá àwọn ọ̀gá wọn jókòó pọ̀ bí ọmọ ìyá nínú ilé Ọlọ́run. Ní 1704, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Ó gbà wọ́n tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí ló fà á tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀? Ojúmọ́ kì í ṣe tiwọn. Látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ọ̀gá ni. Alẹ́ àti àkókò tí ọ̀gá bá dá wọn sílẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń gbé òkúta Ọlọ́run. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ kò rí òrùlé. Ọmọ rẹ̀ pàápàá lè má rí i. Kí n má purọ́, àwọn ará Angola ló pọ̀ nínú wọn níbẹ̀rẹ̀. Àwọn tiwa dé lẹ́yìn, wọ́n sì dara pọ̀.

Àwa tí à ń ka ìwé yìí, ọ̀pọ̀ wa ni bàbá tàbí bàbá-bàbá wa wá sí Òkè Ọya pẹ̀lú ọjà lórí, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà, láti Ìrèsì. A mọ bí ó ti ń rí láti kọ́ ilé ìsìn níbi tí a kì í ti í ṣe onílẹ̀. Ẹ wò ó, àwọn bàbá wa ní ọjọ́ Sátidé. Tí wọ́n bá pàdé lórí bíríkì, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ló ni wọ́n.

Ẹgbẹ́ Rosário yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ orin lásán. Àwọn ló ń sin òkú ara wọn. Ẹrú tí kò bá sí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má rí ẹni sin ín dáadáa. Wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì ń dáwó láti ra ara wọn padà. Ní ọdún 1832, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira, tí Manoel Victor Serra ṣáájú wọn, dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ tó ń jẹ́ Sociedade Protetora dos Desvalidos. Ẹ̀yin ìyá tó ń dá èsúsú á mọ irú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: oníkálukú ń mú tirẹ̀ wá, wọ́n á kó o pa mọ́, wọ́n á fi gba aláìní àti opó là. Ẹgbẹ́ náà wà títí dòní, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí ibi tí wọ́n jókòó sí yẹn.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nírọ̀lẹ́, ìsìn wà ní Rosário. Ìlù ni wọ́n fi ń gbé orin, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì wọlé, wọ́n á súre sí i, wọ́n á pín in.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tiwa ló dúró sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, nígbà ààwẹ̀ Ramadan, nǹkan bí 600 ènìyàn dìde sí ìjọba ní Salvador. Mùsùlùmí ni àwọn olórí wọn, Nagô ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ìmàle ni. Wọ́n wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní abadá, agbádá wa nìyẹn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi ṣẹ́gun wọn. Ó lé ní àádọ́rin tó kú. Wọ́n na àwọn kan, wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ lédè Lárúbáwá ló ya ìjọba lẹ́nu jù: ẹrú mọ̀wé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò mọ̀ ọ́n. Lónìí, ẹ̀wù tí àwọn tó ń jó lójú títì nígbà Carnival ń rà, tí wọ́n fi ń mọ ọmọ ẹgbẹ́, abadá náà ni orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ogun di aṣọ ijó.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ díẹ̀. Ní gbogbo ìkóríta Salvador, ẹ ó rí ìyá kan tó wọ aṣọ funfun, tó wé gèlè, tó jókòó ti ìkòkò epo pupa tó ń hó. Acarajé ló ń tà. Ẹ̀wà bíbó, lílọ̀, àlùbọ́sà, iyọ̀. Àkàrà ni, "jẹ" ni wọ́n sì so mọ́ ọn. Tiwọn tóbi ju tiwa lọ, wọ́n sì máa ń là á láàárín bíi búrẹ́dì, wọ́n á ki edé gbígbẹ àti ọbẹ̀ tó ki bọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni abará, tí wọ́n fi ewé pọ́n bíi mọ́ín-mọ́ín. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà yìí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ obìnrin, nígbà oko ẹrú, àkàrà ni wọ́n tà tí wọ́n fi ra òmìnira ara wọn àti ti ọmọ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kàn wá rèé. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn kan nínú àwọn ajíhìnrere ibẹ̀ ń ta àkàrà yìí kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí "bolinho de Jesus", àkàrà Jésù, wọ́n sì bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, nítorí pé àwọn abọ̀rìṣà ń lo àkàrà fún Ọya. Inú àwọn ìyá alákàrà kò dùn sí i. Èmi náà, inú mi ò dùn. Mo mọ̀ pé Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ nípa ẹran tí a fi rúbọ sí òrìṣà, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àkàrà tí ìyá yín dín ní Sátidé, ta ló fi í bọ? Orúkọ oúnjẹ ni àkàrà, obìnrin tó rù ú lórí nínú oko ẹrú kò ní nǹkan mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀ ju orúkọ yẹn lọ. A ò gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ká tún fi Jésù ṣe àwáwí.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó lókìkí jù nílùú náà ni ti Senhor do Bonfim, tí wọ́n parí ní 1754, níbi tí àwọn àlejò ti ń so rìbọ́ọ̀nù mọ́ irin. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìíní, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn á wọ aṣọ funfun, wọ́n á rin bíi kìlómítà mẹ́jọ láti èbúté, àwọn obìnrin á sì fi omi olóòórùn dídùn fọ àtẹ̀gùn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹrú tí wọ́n ń rán láti fọ ṣọ́ọ̀ṣì kí ọdún tó dé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Olúwa ni àwọn kan ń fọ̀ ọ́ fún. Ọbàtálá, tí wọ́n ń pè ní Oxalá, ni àwọn mìíràn ní lọ́kàn. Ẹ̀sìn méjì lórí àtẹ̀gùn kan. Pásítọ̀ ni mí, ẹ mọ ibi tí mo dúró sí, n ò ní pe ìyẹn ní ìhìnrere.

Síbẹ̀ mo ní láti sọ òtítọ́ kan tí kò dùn ún gbọ́. Èdè Yorùbá tó kù ní Salvador lónìí, kì í ṣe Ìjọ ló pa á mọ́. Àwọn olórìṣà ni. Ní àwọn ilé ìbọ bíi Casa Branca, tí ìjọba kọ́kọ́ dáàbò bò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní 1984, orin Yorùbá ṣì ń dún, lẹ́nu àwọn tí kò lè fi èdè náà kí ara wọn lówùúrọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, èdè Látìn àti Pọtogí ni wọ́n fún wọn, àwọn bàbá wa sì fi èdè wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọmọ tiwa kan, olùkọ́ E. L. Lasebikan, lọ kọ́ wọn ní Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀, àwọn olórìṣà sì wá jókòó síwájú rẹ̀ láti mọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ti ń kọ lórin látọjọ́ pípẹ́. Mo rò ó wò sí ìjọ wa níhìn-ín, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ orin Yorùbá láti ojú ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní Abaeté, níbi adágún omi kan tí àwọn àlejò máa ń lọ wò, ère obìnrin kan wà. Mãe Gilda lorúkọ rẹ̀, ìyálórìṣà ni. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìjọ ńlá kan gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní ẹlẹ́tàn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, wọ́n kọlu ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2000, ọkàn rẹ̀ dá dúró, ó kú. Láti 2007, ọjọ́ náà ni Brazil fi ń kìlọ̀ lórí ìkórìíra nítorí ẹ̀sìn. Wọ́n ti ba ère náà jẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn tó bà á jẹ́ sì rò pé Ọlọ́run ni àwọn ń sìn. Àwa tí a ti rí ilé ìsìn tó ń jóná ní apá ibi tí à ń gbé yìí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ka ìyẹn.

Lẹ́yìn ogun 1835, ìdààmú bá àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira ní Bahia, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wọkọ̀ padà wá sílé: Wídà, Àjàṣẹ́, Èkó. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ Pópó Àgùdà. Àwọn ló kọ́ àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ojú fèrèsé rẹ̀ rí rogodo. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Wọ́n mú da Silva, Pereira àti da Rocha bọ̀ bí orúkọ. Wọ́n mú fèrèjọ́n bọ̀, ẹ̀wà tí wọ́n fi àgbọn sè, tí ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó ṣì ń jẹ lọ́jọ́ Ẹtì Ńlá. Wọ́n sì mú ìgbàgbọ́ wọn bọ̀, débi pé títí dòní, Ìjọ Àgùdà la ń pe ìjọ Kátólíìkì ní èdè wa.

Kò sí fádà kankan tó bá wọn wọkọ̀ bọ̀. Ọkùnrin kan tó ti ṣe ẹrú rí ní Bahia, tí gbogbo ayé ń pè ní Pa Antonio, ló ń kó wọn jọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Òun ló ń ka àdúrà, òun ló ń kọ́ ọmọ, òun ló ń ṣe ìsìn òkú. Nígbà tí Fádà Borghero dé sí Èkó láti Wídà ní 1863, kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó bá ìjọ nílẹ̀.